Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Màmá àti Àwọn Ọmọ Lọ sí Kew Gardens Nínú Oṣù Kejì, Kí Òtútù Má sì Lé Yín Padà Sílé

Ìdílé púpọ̀ ló ń lọ sí Kew Gardens, ọgbà ewéko ọba àtijọ́ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejì, tí wọn kì í lò ju wákàtí kan lọ kí wọ́n tó yíjú padà sílé. Wọ́n á gba ẹnu géètì wọlé, wọ́n á rìn kiri lórí koríko tútù, ọmọ kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé ọwọ́ òun ti kú, Màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun á ní orúnkún ń dun òun, bàbá ọmọ á wo aago, ó di ilé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ti lọ, kò sì sí ẹni tó rí ohun tó lè fẹnu ròyìn.

Bí wọ́n ṣe to ọjọ́ náà ló ń fa èyí. Ọgbà ọ̀hún tó 320 éékà, àwọn ènìyàn sì máa ń rìn ín bíi pé oṣù Keje ni wọ́n wà: wọ́n á kọ́kọ́ rin ìta títí yóò fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá rántí àwọn ilé gíláàsì tí wọ́n ń gbin ewéko sí, tí òmíràn nínú wọn gbóná dáadáa, nígbà tí ọmọ ti ń gbọ̀n. Ní oṣù Kejì, ẹ yí ètò náà padà. Ilé gíláàsì ni kí ẹ fi ṣe òpó ọjọ́ náà, kí ìrìn ìta kúrú láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ìdílé tó ní àgbàlagbà kan àti ọmọdé méjì tàbí mẹ́ta.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ rà á lórí ìkànnì Kew fúnra wọn ṣáájú ọjọ́ náà, torí ó dínwó ju èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 kì í sanwó. Bí ẹnì kan nínú yín bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Universal Credit tàbí Pension Credit, tíkẹ́ẹ̀tì £1 wà fún un. Ìwé ẹ̀rí ni kí ó mú dání. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tijú rẹ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá rí ẹni tí ó tọ́ sí tó ń san owó kíkún nítorí pé ojú ń tì í.

Aṣọ: fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, síńgílẹ́ẹ̀tì tó fara mọ́ ara, súwẹ́tà kan, kóòtù tí omi kì í wọ̀, fìlà tó bo etí, ìbọ̀wọ́. Ìbọ̀sẹ̀ méjì méjì fún àwọn ọmọ, ọ̀kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan nínú báàgì.

Báàgì ńlá kan tó ṣófo. Kóòtù ni yóò máa wọ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ bá wà nínú ilé gíláàsì. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé jù lọ nìyí.

Oúnjẹ: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú fúláàsìkì ẹlẹ́nu gbòòrò, mọ́ínmọ́ín, àti tíì gbígbóná nínú fúláàsìkì mìíràn. Ṣíbí.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi ń bò ó nígbà òjò. Bí ẹsẹ̀ Màmá kò bá le, ẹ pe àwọn ará Kew ṣáájú nípa kẹ̀kẹ́ aláìlera. Wọ́n ní èyí tí wọ́n ń yá àlejò lò.

Ìwé kékeré kan àti lẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tí a bá dé Ìpele 4.

Ìpele 1: Ẹ mú ọjọ́

Bí àwọn ọmọ kò bá tíì máa lọ sílé ìwé, ẹ mú àárín ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ, Sátidé ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wà lẹ́nu géètì ní aago 10 tí wọ́n ń ṣí i. Ọ̀sẹ̀ ìsinmi àárín oṣù Kejì tí ilé ìwé ń gbà ní England ni kí ẹ sá fún. Àkókò yẹn náà ni Kew máa ń ṣe àjọ̀dún òdòdó orchid, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì wọ oṣù Kẹta, èrò á sì pọ̀ débi pé ẹ máa tò kí ẹ tó rí òdòdó.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ wo ìkànnì wọn: nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì, àti láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ bá le, wọ́n máa ń ti ọgbà náà pátápátá kí ẹ̀ka igi má baà já lu ènìyàn. Ẹ tún wo èwo nínú àwọn ilé gíláàsì ló ṣí. Ilé àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn, àtúnṣe kì í sì í tán lára wọn. Temperate House, ọ̀kan lára wọn, wà ní títì fún ọdún 5 gbáko kí wọ́n tó tún un ṣí ní 2018. Ààfin Kew tó wà nínú ọgbà náà kì í ṣí ní ìgbà òtútù, nítorí náà ẹ má ṣèlérí ilé ọba fún ọmọ kankan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́, wọ́n á rí "oòrùn", wọ́n á gbàgbé afẹ́fẹ́. Oòrùn oṣù Kejì ní Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ní, kò ní ooru. Ọjọ́ tó ṣú tí kò sí afẹ́fẹ́ sàn fún ọmọdé ju ọjọ́ oòrùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ.

Ìpele yìí ti parí bí tíkẹ́ẹ̀tì bá wà lórí fóònù, bí ẹ bá mọ orúkọ ilé gíláàsì méjì tó dájú pé wọ́n ṣí, tí ẹ sì mọ aago tí wọ́n máa tì wọ́n. Ilé gíláàsì máa ń tì ṣáájú ọgbà fúnra rẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ wọṣọ

Aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn ni, kì í ṣe kóòtù kan tó nípọn lórí aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ máa kúrò nínú òtútù, ẹ máa bọ́ sínú ooru tó dà bí ti ọ̀sán Ìbàdàn lẹ́yìn òjò, ẹ máa tún padà sínú òtútù. Aṣọ tí ẹ lè bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ fọgbọ́n bá Màmá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í wọ ṣòkòtò, ẹ má bá wọn jiyàn; ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tó gùn dé itan, kí wọ́n wọ̀ ọ́ sábẹ́ ìró. Ìró fúnra rẹ̀ kò burú, kìkì pé kí ó má gùn dé ilẹ̀: etí aṣọ tó bá ti fa omi koríko kò ní gbẹ títí alẹ́. Gèlè kì í bo etí tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé fìlà tó nípọn, kí wọ́n sì fi ìborùn wé e mọ́lẹ̀, yóò sì wuyì lójú wọn. Bàtà tí ìdí rẹ̀ kì í yọ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀.

Ẹ so ìbọ̀wọ́ ọmọ kékeré mọ́ okùn kan tó gba inú apá kóòtù rẹ̀ méjèèjì kọjá. Bí ẹ kò bá so ó, ọ̀kan á sọnù kí ẹ tó dé ilé gíláàsì kejì.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn: ọmọ gbọ́dọ̀ lè gbé apá sókè láìsí ìnira, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lè mì nínú bàtà. Bí bàtà bá fún nítorí ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, ẹsẹ̀ yóò tutù ju bí ìbọ̀sẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ì bá ti jẹ́ kí ó tutù lọ.

Ìpele 3: Ẹ wọ ọkọ̀

Stéṣọ̀n Kew Gardens ni ẹ ń lọ. Ọkọ̀ ojú irin District line àti Mildmay line ló ń dé ibẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Barking tàbí Dagenham lè jókòó sínú District line láti ilé dé ibẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Peckham, kí ó wọ rélùwéè láti Peckham Rye dé Victoria, kí ó wá bọ́ sínú District. Ẹni tó ń bọ̀ láti Woolwich, Elizabeth line dé Whitechapel, lẹ́yìn náà District. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 kì í sanwó nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ bí ó bá wà pẹ̀lú àgbà tó sanwó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. District line pín sí ẹ̀ka ní ìwọ̀ oòrùn. Òmíràn ń lọ sí Wimbledon, òmíràn sí Ealing Broadway, òmíràn sí Richmond. Ti Richmond nìkan ló ń dé Kew. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ àti sórí pátákó kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé. Bí ẹ bá wà ní Turnham Green, tí stéṣọ̀n tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ Chiswick Park, ẹ ti ṣìnà. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ padà sí Turnham Green. Bí ó bá jẹ́ Gunnersbury ni ẹ rí, ẹ ti mú ọ̀nà tó tọ́, Kew Gardens ló tẹ̀ lé e. Lórí Mildmay line náà, ọkọ̀ tó ń lọ sí Richmond ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ti Clapham Junction.

Láti stéṣọ̀n dé Victoria Gate kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ má gba géètì mìíràn. Victoria Gate ló sún mọ́ ilé gíláàsì àkọ́kọ́ jù.

Bí ẹ bá dé ẹnu géètì tí ọwọ́ àwọn ọmọ ṣì gbóná, tí aago 11 kò sì tíì lù, ó ti yọrí. Ẹ kó gbogbo wọn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìpele 4: Palm House

Ẹ lọ tààrà. Ẹ máa rí i níwájú adágún omi: ilé irin funfun àti gíláàsì tó tẹ̀ kọrọdọ, tí wọ́n kọ́ láàárín 1844 sí 1848. Ní ẹnu ọ̀nà gan-an, kí ẹ tó rìn síwájú, gbogbo yín á bọ́ kóòtù, fìlà àti ìbọ̀wọ́ sínú báàgì ńlá yẹn. Ẹ má sọ pé ẹ máa bọ́ ọ tí ooru bá mú yín. Nígbà tí ẹ bá mọ̀ pé ooru ti mú yín, òógùn ti wọ aṣọ abẹ́, òógùn yẹn ló sì máa di òtútù sí ọmọ lára tí ẹ bá jáde.

Awò ojú àti fóònù máa bo fún ìkùukùu. Ẹ má fi aṣọ nu ún ní anu-ìn-tán. Ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó gba ooru, yóò mọ́ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ máa ń tutù, ẹ di ọwọ́ Màmá mú. Àtẹ̀gùn irin tó yí po tó lọ sókè kò yẹ fún orúnkún àgbà, ẹ má sì gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dé ìdí rẹ̀.

Níbí ni kí ẹ ti fi ọjọ́ náà lé Màmá lọ́wọ́. Àwọn ewéko ilẹ̀ olóoru ló kún ibẹ̀, wọ́n sì tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí apá ayé tí wọ́n ti wá. Apá gúúsù ilé náà ni ti Áfíríkà. Nínú ilé náà lápapọ̀, ọ̀pẹ wà níbẹ̀, kòkó wà níbẹ̀, kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrèké, igi rọ́bà. Lára pátákó kékeré tí wọ́n gún sídìí igi kọ̀ọ̀kan, orúkọ Látìn ni ẹ máa rí. Orúkọ tí àwa ń pè é kò sí níbẹ̀. Ẹ fún ọmọ tó ti mọ̀wé kọ ní ìwé kékeré àti lẹ́ẹ̀dì, kí ó máa kọ orúkọ tí ìyá àgbà bá pè, kí ó sì máa bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo nídìí igi kọ̀ọ̀kan: "Màmá, kí la ń fi ṣe?"

Ẹ máa rí bí ẹnu wọn yóò ṣe là. Nídìí ọ̀pẹ nìkan, ọ̀rọ̀ epo pupa wà níbẹ̀, ti àdí, ti ìgbálẹ̀ tí a ń ṣe lára ọ̀wá rẹ̀, ti màrìwò, ti ẹmu, ti ikin tí babaláwo fi ń dífá. Nídìí kòkó, ẹ jẹ́ kí ọmọ wá ibi tí èso rẹ̀ ti ń yọ. Ara igi gan-an ló ti ń so, kì í ṣe orí ẹ̀ka tín-ín-rín, ó sì máa ń ya ọmọ tó ti ń jẹ ṣokoléètì láti kékeré lẹ́nu. Màmá tó bá jẹ́ ará Ìbàdàn lè wá sọ ti Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, kí ọmọ mọ̀ pé igi tí òun ń wò yìí ló mú owó tí wọ́n fi kọ́ ọ wá. Nídìí rọ́bà, gbólóhùn kan tó: ní 1876 ni wọ́n kó èso rẹ̀ láti Brazil wá sí Kew yìí, ibẹ̀ ló sì gbà dé Éṣíà.

Ẹ tún wá igi kan tó dà bí ọ̀pẹ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀pẹ, tó wà nínú ìkòkò ńlá, tí ara rẹ̀ fara tì. Encephalartos altensteinii lorúkọ rẹ̀. Láti South Africa ni wọ́n ti gbé e wá ní 1775, ó sì ṣì wà láàyè. Kí ọmọ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan tó ṣe pàtàkì: a kì í já ewé níbẹ̀, bó ti wù kí ó kéré mọ. Ìyá tó mọ ewé, ọwọ́ rẹ̀ lè ti dé ara igi kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹ ti bá wọn sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ó má lọ jẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà ni yóò sọ ọ́ fún wọn lójú ọmọ-ọmọ wọn.

Ẹ lo tó wákàtí kan. Bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá gbẹ tó sì gbóná, ẹ wọ kóòtù fún un nínú ilé, kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Bí ó bá tutù fún òógùn, ẹ pààrọ̀ síńgílẹ́ẹ̀tì tàbí kí ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì gbẹ ẹ́ kí ẹ tó jáde.

Ìpele 5: Ìrìn ìta

Láti Palm House, ẹ yí sí àríwá, sí ọ̀nà Princess of Wales Conservatory, ilé gíláàsì kejì tí ẹ máa wò. Ọ̀nà yìí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú 10 tàbí 15 lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọmọdé. Nítòsí ibi tí ẹ ń lọ ni ọgbà àpáta wà, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti wá snowdrop, òdòdó funfun kékeré tó ń dorí kodò. Bí ó bá jẹ́ ìparí oṣù Kejì, crocus aláwọ̀ àlùkò àti funfun á ti bo koríko. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ gun orí wọn nítorí fọ́tò. Òdòdó tí ẹsẹ̀ tẹ̀ lónìí, ẹni tó ń bọ̀ lọ́la kò ní rí i. Bọ́ọ̀lù, básíkù àti skútà kò gbọdọ̀ wọ ọgbà náà, nítorí náà ẹ fi wọ́n sílé.

Kí Màmá máa pa àlọ́ lójú ọ̀nà, nípa ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ọmọ tó ń ronú ìdáhùn kì í rántí òtútù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, òtútù ti ń mú un. Ẹ yára.

Ìpele 6: Oúnjẹ, lẹ́yìn náà orchid

Ẹ jẹun kí ebi tó pa ọmọ, ní nǹkan bí aago 12. Oúnjẹ tiyín, orí bẹ́ńṣì ìta ni. Kò yẹ kí ẹ jẹ ẹ́ nínú ilé gíláàsì. Ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní jọ̀lọ́ọ̀fù gbígbóná, kí mọ́ínmọ́ín tẹ̀ lé e. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sórí bẹ́ńṣì kí omi má wọ ìdí aṣọ Màmá. Kó má pẹ́ ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Bí òtútù bá le jù, ẹ wọ ilé oúnjẹ wọn, ẹ ra tíì, kí Màmá lè na ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Princess of Wales Conservatory. Ẹ tún bọ́ kóòtù lẹ́nu ọ̀nà. Oríṣi ojú ọjọ́ 10 ló wà nínú ilé kan ṣoṣo yìí, láti aṣálẹ̀ tí ẹ̀gún kún dé igbó kìjikìji. Ní àkókò àjọ̀dún, orílẹ̀-èdè kan ni wọ́n máa ń fi orchid ṣe àfihàn rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2023, Cameroon tó pààlà pẹ̀lú wa ni. Bí ẹ bá ń bọ̀ nígbà àjọ̀dún, ẹ wo aago ìwọlé tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín. Ẹ fi àwọn ewéko tó ń jẹ kòkòrò han àwọn ọmọ. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé ní 1985, David Attenborough, gbajúmọ̀ tó ń ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n nípa ẹranko àti ewéko, ri àpótí kan tó ní irúgbìn nínú mọ́ ìdí ilé náà, tí wọn kò ní ṣí títí di 2085. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò iye ọdún tí wọ́n máa jẹ́ nígbà náà.

Ìpele 7: Ẹ pinnu ní aago 2

Ẹ má fa ọjọ́ náà gùn. Ní aago 2, ẹ wo ojú gbogbo ènìyàn. Bí ara wọn bá ṣì yá gágá, ẹ lọ sí Temperate House, ní ìhà gúúsù. Ìkìlọ̀: ẹ má bọ́ kóòtù níbẹ̀. Àwọn ènìyàn rò pé gbogbo ilé gíláàsì ló gbóná, ṣùgbọ́n ewéko tí kò fẹ́ ooru púpọ̀ ló wà nínú èyí, kìkì pé yìnyín kì í wọ ibẹ̀. Ẹ lọ wo Encephalartos woodii. Igi akọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí nínú igbó South Africa ní 1895. Wọn kò rí abo rẹ̀ rí, gbogbo èyí tó wà láyé lónìí, ara akọ kan yẹn ni wọ́n ti gé wọn. Àpọ́n igi ni. Màmá á kẹ́dùn fún un.

Afárá orí igi tó ga tó mítà 18 wà nítòsí, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì le lókè. Kí òbí kan mú àwọn ọmọ tó ti dàgbà lọ, kí èkejì jókòó ti Màmá nínú ilé. Ọgbà àwọn ọmọdé náà dára, àmọ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ pọ̀ lásìkò yìí. Bí ẹ bá máa dé ibẹ̀ rárá, òun ni kí ó kẹ́yìn.

Bí ó bá ti rẹ ẹnikẹ́ni, ẹ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ilé gíláàsì méjì tí ẹ wò dáadáa ti tó owó tí ẹ san.

Ìpele 8: Ìpadàbọ̀

Ẹ jáde kí aago 4 tó lù. Láàárín oṣù Kejì, oòrùn ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 5 kọjá ìṣẹ́jú 15, òtútù sì máa ń le ṣáájú kí ó tó wọ̀. Ẹ tún lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ ní Victoria Gate, ẹ ka ìbọ̀wọ́, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ tó bá tutù níbẹ̀ kí ẹ tó rìn dé stéṣọ̀n. Orí pèpéle kan náà ni District àti Mildmay ń dúró sí. Ẹni tó ń lọ sí Victoria tàbí Barking, District ni tirẹ̀, kí ó tún ka pátákó náà kí ó tó wọlé. Tíì tó kù nínú fúláàsìkì, Màmá ni ó ni ín.